Ohun Tí Dókítà Gbọ́dọ̀ Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Fi Ọpọlọ Aláìsàn Lé E Lọ́wọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Fìdítì àti Ìlọrà, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bá wọn kà á, ìbéèrè kan la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Kí ló dé tí ẹni tó ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ ìṣègùn ní yunifásítì, tó sì ti fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà dókítà, kò tíì lè dá tọ́jú ọpọlọ tó fara pa?

Iṣẹ́ náà ní orúkọ lágbàáyé: neurocritical care. Ìtọ́jú aláìsàn tí ọpọlọ rẹ̀ wà nínú ewu ńlá ni, ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe (ICU). Ní Amẹ́ríkà, ní 2007 ni United Council for Neurologic Subspecialties kọ́kọ́ ṣe ìdánwò lé e lórí. Ní 2018, American Board of Medical Specialties náà fọwọ́ sí i, wọ́n sì ṣe ìdánwò tiwọn àkọ́kọ́ ní 2021. Dókítà kò lè kàn dìde kó lọ jókòó ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí nínú iṣẹ́ mìíràn: bóyá ìṣègùn àrùn ọpọlọ, bóyá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, bóyá ìtọ́jú pàjáwìrì, tàbí iṣẹ́ àwọn tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò tún lọ kọ́ṣẹ́ nínú wọ́ọ̀dù ọ̀hún, fún ọdún kan tàbí méjì. Ẹ máa rò ó pé ó ti pọ̀ jù. Kò pọ̀ jù, inú orí wa gan-an ni ìdí rẹ̀ wà.

Ọpọlọ àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù 1.4. Ìdá 2 péré ni nínú ìdá 100 ìwúwo ara, síbẹ̀ òun nìkan ń lo nǹkan bí ìdá 20 nínú ọ́síjìn tí ara ń lò. Kò sì ní ibi tó ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ sí. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀ mọ́, ká tó ṣẹ́jú bíi mélòó kan ẹni náà ti dákú. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọpọlọ ti ń kú.

Agbárí tó gbé e pamọ́ dà bíi kèrègbè tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Eegun líle yí i ká, ihò ńlá kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀, níbi tó ti pàdé ọrùn. Nǹkan mẹ́ta ló kún inú rẹ̀: ọpọlọ fúnra rẹ̀, ẹ̀jẹ̀, àti omi tó yí ọpọlọ ká. Bí ọ̀kan bá lé, òmíràn gbọ́dọ̀ dín, nítorí kèrègbè kì í fẹ̀. Alexander Monro ló kọ́kọ́ kọ ìpìlẹ̀ èrò yìí sílẹ̀ ní Scotland ní 1783, George Kellie sì tún un sọ ní 1824. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya sínú orí, omi á kọ́kọ́ sún lọ sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, a ò sì ní tètè rí ìyàtọ̀ lára aláìsàn. Ọjọ́ tí ààyè bá tán ni ìfúnpá inú agbárí á fò sókè lójijì, tí ọpọlọ á máa wá ọ̀nà gba ihò ìsàlẹ̀ jáde, ibẹ̀ gan-an sì ni apá tó ń darí èémí wà. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀ láàárọ̀ fi lè kú kí oòrùn tó wọ̀.

Ti ọmọ ọwọ́ yàtọ̀, torí pé àwùjẹ̀ rẹ̀ kò tíì dì. Bí omi bá pọ̀ nínú orí rẹ̀, orí náà á máa tóbi ni. Ọmọ agbègbè wa kan ṣiṣẹ́ lórí àwùjẹ̀ yìí: ẹni tó kọ́kọ́ dá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku, ọmọ Àwẹ́ nínú ìjọba ìbílẹ̀ Afijió wa níbí ni wọ́n. Ní 1971, àwọn àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adelọlá Adélóyè kọ̀wé nípa irú kókó kan tó ń hù sórí àwùjẹ̀ ọmọdé, orúkọ àwọn méjèèjì sì ni wọ́n fi ń pe àrùn náà títí dòní. Ẹ wo ọ̀nà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Odeku gbà dé ibẹ̀. Wọ́n gboyè dókítà ní Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà ní 1954, wọ́n kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Yunifásítì Michigan lábẹ́ Edgar Kahn, kí wọ́n tó padà sílé ní 1962. Ọdún mẹ́jọ wà láàárín oyè dókítà náà àti iṣẹ́ tí a fi ń rántí wọn. Inú mi máa ń dùn láti sọ èyí fún àwọn ọmọ agbègbè wa.

Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ tọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò ní láti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. National Postgraduate Medical College of Nigeria, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1979, ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí, West African College of Surgeons àti West African College of Physicians náà sì ń ṣe é. Ìdánwò ìwọlé wà, ti àárín wà, ti àṣekágbá wà, ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ ilé ìwòsàn ló sì wà láàárín wọn.

Ẹ mú bírò báyìí, ká wo ìdí tí ẹ̀kọ́ náà fi gùn tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ìfúnpá tó ń ti ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan lọ sí orí jẹ́ 90, ìfúnpá inú agbárí sì jẹ́ 10. Ẹ yọ 10 kúrò nínú 90: ó ku 80. Òun ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń wọnú ọpọlọ. Bí orí bá wú, tí ti inú agbárí di 30, ó ku 60, èyí tí àwọn dókítà ṣì lè fara mọ́. Ṣùgbọ́n bí itan aláìsàn yìí kan náà bá ti ṣẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, tí 90 wálẹ̀ di 70, ẹ yọ 30 kúrò: 40 ló kù. Itan ló ṣẹ́, ọpọlọ ló ń kú.

Ohun tí ìdánwò neurocritical care ń wá nìyẹn. Ẹni tó mọ ọpọlọ nìkan kò ní yege. Bí aláìsàn kò bá mí dáadáa, kábọ́ndaọ́kísáídì á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí á fẹ̀, ìfúnpá á ga. Bí ẹ̀rọ bá sì ń mú un mí ju bó ṣe yẹ, iṣan á fún, ebi ọ́síjìn á pa ọpọlọ. Bí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀, omi á wọnú ọpọlọ, á sì wú sí i. Ibà ń mú kí ọpọlọ béèrè ju ohun tó ń rí gbà lọ. Nítorí náà, wọ́n á bi í nípa ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn, kíndìnrín àti kòkòrò àìsàn. Ìpalára àkọ́kọ́, tó ṣẹlẹ̀ lójú títì, kò sẹ́ni tó lè dá a padà. Èkejì, tó ń wá lẹ́yìn rẹ̀, ni dókítà yìí ń dènà.

Ohun èlò dókítà yìí tó rọrùn jù kò gba iná mànàmáná. Graham Teasdale àti Bryan Jennett gbé e jáde ní Glasgow ní 1974: Glasgow Coma Scale. Ojú ní máàkì 4, ọ̀rọ̀ ẹnu ní 5, gbígbé ọwọ́ ẹsẹ̀ ní 6. Àpapọ̀ jẹ́ 15, èyí tó kéré jù lọ sì jẹ́ 3. Bí aláìsàn bá lajú nígbà tí a pè é, ó gba 3. Bó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò mọ ibi tó wà, 4. Bí a bá fún ara rẹ̀ pọ̀, tó nawọ́ wá ibi tó ń dùn ún, 5. Ó jẹ́ 12. Lẹ́yìn wákàtí kan, kò lajú àfi bí a bá ta á lára, 2. Ó kàn ń kérora, 2. Ó ń fa ọwọ́ sẹ́yìn, 4. Ó di 8. Láti 8 wálẹ̀, kò dájú pé ó lè ṣọ́ ọ̀fun ara rẹ̀ mọ́, wọ́n sì máa ń ki rọ́bà sí ọ̀nà èémí rẹ̀.

Ní tiyín, bí ọ̀kadà bá gbé ẹnì kan ṣubú lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ẹ má ṣe bu omi sí i lẹ́nu, ẹ má sì fi sí àárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà mìíràn. Ẹ di orí àti ọrùn rẹ̀ mú kó tọ́, kí ẹ̀yin mélòó kan jọ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá ń bì. Bó bá jí tó ní kò sóhun tó ṣe òun, ẹ má gbà fún un láti lọ dá sùn sílé. Ẹ wo aago. Ẹ kọ ìgbà tó ṣubú sílẹ̀, bóyá ó sọ̀rọ̀, bóyá ó bì, bóyá ọwọ́ kan kò gbéra, kí ẹ sì fi ìwé náà lé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbà á ní ilé ìwòsàn lọ́wọ́. Òun ni wọn yóò fi wé máàkì tí wọ́n bá fún un níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń gòkè ni tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀.