Ẹ Má Fìbínú Fiṣẹ́ Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni tó ti Ṣàngó Dé Ìlú Ọba

Ní Ṣàngó Toll Gate, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń bọ́ sílẹ̀ nínú dánfó, tí wọ́n ń lọ sẹ́nu géètì iléeṣẹ́ káàkiri Ọ̀tà. Ọ̀pọ̀ wọn, káṣúà ni. Bí ọ̀gá bá fọwọ́ kan obìnrin níbi tí kò yẹ, tàbí tó bú ọmọkùnrin bí ẹni ń bú ẹrú, wọ́n á bínú kúrò. Tó bá dọ̀la, wọ́n á wá géètì mìíràn lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ibẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, tẹ́ ẹ ń tọ́jú arúgbó tàbí tẹ́ ẹ ń kó ẹrù ní wíáháùsì, ẹ fi àṣà yẹn sílẹ̀ sí Toll Gate.

Kì í ṣe pé òfin kò sí nílé o. Ní oṣù Kejìlá 2013, National Industrial Court dá obìnrin kan láre tó pe Microsoft Nàìjíríà lẹ́jọ́. Ó ní ọ̀gá òun ń fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yọ òun lẹ́nu, òun ò gbà, ni wọ́n bá dá òun dúró. Owó tí ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n san fún un lé ní mílíọ̀nù 13 náírà. Àwọn mélòó ló gbọ́ nípa rẹ̀ ní Ọ̀tà?

Òfin tó dáàbò bò yín ní England, Wales àti Scotland ni Equality Act 2010. Bí wọ́n bá ń fi àwọ̀ yín, ilẹ̀ tẹ́ ẹ ti wá, ẹ̀sìn, ọjọ́ orí, àbùkù ara, tàbí pé ẹ jẹ́ obìnrin, sọ yín di ẹni yẹ̀yẹ́ tàbí dẹ́rù bà yín, ẹjọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ lè ní àwàdà lòun ń ṣe. Ìyẹn nìkan kò tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kàn ń jágbe mọ́ gbogbo ènìyàn, dúdú àti funfun, lè má bọ́ sábẹ́ òfin yìí rárá. Láti ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 2024, ó ti di dandan fún agbanisíṣẹ́ láti gbé ìgbésẹ̀ kí ìyọlẹ́nu ìbálòpọ̀ má tilẹ̀ wáyé.

Ọjọ́ ló ń pa ẹjọ́ jù. Oṣù mẹ́ta ó dín ọjọ́ kan ni òfin ti ń fúnni tipẹ́ láti gbé ẹjọ́ dìde: ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ni òpin rẹ̀. Ìjọba ti pinnu láti sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹ ṣì fi oṣù mẹ́ta ṣe ìwọ̀n yín. Ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí iléeṣẹ́, òótọ́ ni, àmọ́ ìwé yẹn kò dá ọjọ́ dúró. Ibi tí ẹjọ́ ti ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ jù ni ibi tí wọ́n ti ń sọ pé, “Ẹ fọkàn balẹ̀, a ṣì ń wádìí ẹ̀.” Acas, àjọ tó ń làjà láàrin òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ló ń dá ọjọ́ dúró, tẹ́ ẹ bá ti fi tó wọn létí pé ẹ fẹ́ ìlàjà (early conciliation). Ẹ pè wọ́n ní 0300 123 1100 fún ìmọ̀ràn, ṣùgbọ́n ìpè yẹn nìkan kò dá ọjọ́ dúró; ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ wọn. Àwọn ló máa kọ́kọ́ gbìyànjú láti parí ìjà. Bí kò bá parí, wọ́n á fún yín ní ìwé ẹ̀rí tẹ́ ẹ máa mú lọ sí Employment Tribunal, níbi tí wọn ò ti gba owó ìwé ìpẹ̀jọ́ láti oṣù Keje 2017.

Ọ̀rọ̀ físà ni ọ̀pọ̀ fi ń gbé ìwọ̀sí mì. Acas kì í ṣe Home Office, òfin sì ka fífi ìyà jẹ ẹni torí pé ó fẹjọ́ sùn sí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lọ́tọ̀. Ewu tó wà ni kí ẹni tí iléeṣẹ́ rẹ̀ ṣe onígbọ̀wọ́ físà rẹ̀ fìbínú kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀: iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún Home Office, wọ́n sì lè gé àkókò rẹ̀ kù sí 60 ọjọ́. Ẹ kọ́kọ́ bá Citizens Advice tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bíi UNISON sọ̀rọ̀. Ẹ wọ ẹgbẹ́ náà kí wàhálà tó dé, torí wọn kì í sábà gbèjà ẹni lórí ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ kó tó wọlé.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, aago, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu onítọ̀hún, ta ló wà níbẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì tiyín, kì í ṣe ti iléeṣẹ́.