Ọmọ Tí Ó Fẹ́ràn Akọni Inú Àwòrán

Ṣé ẹ ti rí ọmọ tí ó so ìró ìyá rẹ̀ mọ́ ọrùn, tí ó gun orí tábìlì, tí ó ń ké pé òun fẹ́ fò? Akọni inú àwòrán ni ó ń fara wé. Ó ti rí i nínú tẹlifíṣọ̀n tàbí nínú fóònù, ọkàn rẹ̀ sì ti fà mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sọ̀kalẹ̀ ná. Ẹ sọ fún un pé ènìyàn kì í fò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ o: ọmọ kékeré lè gbà á gbọ́ pátápátá, kí ó bẹ́ sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán.

Lẹ́yìn èyí ńkọ́? Àwọn òbí mìíràn a máa na ọmọ, wọn a ní ohun èṣù ni. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ bìkítà. N kò rò pé ọ̀kan nínú méjèèjì dára. Ohun tí ọmọ yìí fẹ́ràn ni agbára, ìgboyà, àti kí a gba aláìlágbára lọ́wọ́ aninilára. Ohun rere kúkú ni. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bá a wo àwòrán náà. Bí ẹ kò bá mọ ìtàn ibẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi kọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ kí a mú Spider-Man, ọkùnrin aláǹtakùn. Amẹ́ríkà ni Stan Lee àti Steve Ditko ti gbé e jáde ní ọdún 1962. Ọmọ iléèwé ni, Peter Parker ni orúkọ rẹ̀. Kò ní bàbá, kò ní ìyá. Ben, arákùnrin bàbá rẹ̀, àti May, ìyàwó Ben, ni wọ́n tọ́ ọ. Aláǹtakùn kan bù ú jẹ, ó sì di alágbára. Kí ni ó kọ́kọ́ fi agbára náà ṣe? Owó àti òkìkí ni ó fi ń wá. Ní ọjọ́ kan, olè kan sá kọjá níwájú rẹ̀. Ó lè mú un, ṣùgbọ́n ó ní kò kan òun. Olè yẹn kan náà ni ó wá pa Ben.

Ẹ wo bí ẹ̀kọ́ ti pọ̀ níbẹ̀! Ẹ bi ọmọ pé, "Kí ló dé tí kò mú olè náà?" Ẹ jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Kí ẹ wá ṣí Bíbélì sí Lúùkù orí 10. Àlùfáà àti ọmọ Léfì rí ẹni tí olè lù, wọ́n bá tiwọn lọ. Ará Samáríà ni ó dúró. Kò fò, kò gun ògiri. Òróró, wáìnì, ẹranko tí ó ń gùn àti owó díẹ̀ ni ó ní. Síbẹ̀ òun ni akọni ibẹ̀. Ọmọ yín náà lè dúró ti ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín ní iléèwé.

Ìtàn Sámsónì náà dára, nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 13 sí 16. Ó fi ọwọ́ lásán ya kìnnìún, ṣùgbọ́n kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Ẹ má fo ibi tí ó ti ṣubú.

Ẹ ṣọ́ra níbì kan o. Ènìyàn ni ó jókòó tí ó rò Spider-Man, bí D. O. Fágúnwà ti rò Àkàrà-Oògùn nínú ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938. (Ọdún yẹn náà ni Superman kọ́kọ́ jáde; àwa náà ní akọni tiwa.) Bí ẹ bá da Dáfídì pọ̀ mọ́ Spider-Man láìla ààlà, ọmọ yóò rò pé àlọ́ ni méjèèjì. Bí ó bá dàgbà, yóò kó méjèèjì dànù pọ̀. Ẹ máa wí i ketekete: "Èyí, àlọ́ ni. Èyí, ohun tí a gbà gbọ́ ni."

Ọmọ á bi yín ní ìbéèrè tó le. Bí àpẹẹrẹ:

Ọmọ: Màmá, nínú Jésù àti Superman, ta ló lágbára jù?

Ìyá: Ọmọ mi, kò sí Superman láyé. Jésù wà.

Ọmọ: Kí ló dé tí kò lu àwọn tó kàn án mọ́ àgbélébùú?

Ìyá: Wọ́n ní kó sọ̀kalẹ̀. Ó lè sọ̀kalẹ̀. Ó dúró nítorí tiwa.

Ọmọ: Kò bá wọn jà rárá?

Ìyá: Rárá. Ó gbàdúrà fún wọn.

Ọmọ lè dákẹ́ níbẹ̀. Ẹ má fi ìwàásù kún un. Nínú àwòrán, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n jà jù ni ó ń borí. Ọ̀nà mìíràn ni èyí, ọmọ sì ní láti rò ó.

Ẹ tún lè fún un ní iṣẹ́ akọni: kí ó pọn omi fún ìyá àgbà kan nítòsí, kí ó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Akọni kúkú máa ń bo ojú. Mátíù orí 6 náà sọ̀rọ̀ lórí oore ìkọ̀kọ̀.

Ìbéèrè: Ta ni akọni tí ọmọ yín fẹ́ràn jù? Kí ni ó ń fi agbára rẹ̀ ṣe? Ẹ wá ìtàn Bíbélì kan tí ẹ lè kà fún ọmọ yín lálẹ́ yìí, kí ẹ kọ orúkọ ìwé náà àti orí rẹ̀ sínú ìwé yín.