Ẹ̀KỌ́ TI OṢÙ YÌÍ: Kí Ni Iṣẹ́ Ẹnjinníà Ètò Kọ̀ǹpútà?



Kọ̀ǹpútà ti ń bá ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣírò owó. Ṣùgbọ́n kò dá mọ ohun tí yóò ṣe. Ìlànà tí ènìyàn kọ fún un ló ń tẹ̀lé. Òun là ń pè ní ètò. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá ṣì í kọ, kọ̀ǹpútà á ṣì í ṣe, kò sì ní tijú.

Ní October 1968, àwọn onímọ̀ tó lé ní 50 péjọ sí Garmisch ní Jámánì, nítorí pé àwọn ètò ńláńlá ń pẹ́ kọjá àdéhùn, wọ́n ń jẹ owó, àṣìṣe sì pọ̀ nínú wọn. Wọ́n jíròrò bí a ṣe lè máa ṣe ètò bí ẹnjinníà ṣe ń ṣe afárá. Ọ̀nà márùn-ún ni iṣẹ́ náà pín sí:

1. Kí a bi àwọn tó máa lò ó ní ohun tí wọ́n ń fẹ́.
2. Kí a ya ètò náà sórí ìwé.
3. Kí a kọ ọ́.
4. Kí a dán an wò. Bí iná bá lọ nígbà tí a ń sanwó ńkọ́?
5. Kí a máa tún un ṣe lẹ́yìn tí a bá ti ń lò ó.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1999 ni àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀ ti ń lo ètò ìṣirò owó kan tó ń jẹ́ Horizon. Ètò yìí ń sọ pé owó dín lọ́wọ́ àwọn alábòójútó, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kò mú kọ́bọ̀. Àwọn kan fi owó ara wọn dí i, àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Títí di 2015, àwọn tó lé ní 900 ni ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi. Ní December 2019 ni adájọ́ kan ní London tó sọ pé àṣìṣe wà nínú Horizon. Ní 2024 ni wọ́n ṣòfin tó pa ọ̀pọ̀ ìdájọ́ náà rẹ́.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ wá fún ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká bi í: Ta ló dán an wò? Ta ló lè wọlé yí iye owó padà, ṣé orúkọ rẹ̀ á sì hàn? Bí nǹkan bá bàjẹ́, ta la máa pè?

Ẹ má sì ju ìwé owó yín nù o. Bí kọ̀ǹpútà bá ní owó dín lọ́wọ́ akápò, ẹ yẹ ìwé wò ná, kí ẹ tó pe ọmọlúàbí lólè.