Kí Ló Ń Jó Sípíkà Ilé Wa? Ẹ Má Dá Ariwo Nìkan Lẹ́bi

Lọ́sẹ̀ yìí, sípíkà ilé la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé tèmi jó níṣojú mi.

Níbi ìkómọ tí a ṣe nílé wa ní Ellenwood níbí, nítòsí Atlanta, ló ti ṣẹlẹ̀. 100 wáàtì ni wọ́n kọ sẹ́yìn sípíkà mi kọ̀ọ̀kan. Amplifier tó ń gbé wọn ò ju 40 wáàtì lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èrò ṣe ń pọ̀, tí fújì ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n kan ní, "Àbúrò, fi kún un jàre!" Mo yí bọ́tìnì dópin. Orin bẹ̀rẹ̀ sí í ha bí ohùn ẹni tó ti pariwo jù. A ò kà á sí. Nígbà tó yá, a gbóòórùn nǹkan tó ń jó, tweeter méjèèjì sì dákẹ́. Ìlù ńlá nìkan la ń gbọ́.

Ṣé ẹ rí ìbéèrè tó wà ńbẹ̀? Báwo ni amplifier 40 wáàtì ṣe máa jó sípíkà 100 wáàtì?

Ohun tó wà nínú sípíkà

Ní 1925, Chester Rice àti Edward Kellogg ti ilé iṣẹ́ General Electric gbé irú sípíkà kan jáde, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ sípíkà ṣì ń tẹ̀ lé dòní. Wọ́n á ká wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ róbótó, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí páálí sípíkà, wọ́n á wá fi í sáàárín òòfà. Bí iná bá ti ń wọ inú wáyà yẹn láti ara amplifier, á máa sún síwá sẹ́yìn. Páálí á mi afẹ́fẹ́, etí wa á gbọ́ orin.

Àmọ́ nínú agbára tó ń wọ sípíkà ilé, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ń di ohùn. Ooru ni ìyókù. Tóoru bá pọ̀ jù, ohun tí wọ́n fi lẹ wáyà náà pọ̀ á yọ́, wáyà á sì já. Ti tweeter ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù, torí pé ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú orin kì í sábà ní agbára púpọ̀. 100 wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn, gbogbo sípíkà lápapọ̀ ló wà fún. Tweeter nìkan ò lè gbé e.

Ọmọ odó lábẹ́ àjà kúkúrú

Iṣẹ́ software ni mo ń ṣe, torí náà ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà ṣàlàyé. Nínú orin 16-bit, nọ́ńbà tó ga jù ni 32767. Tí ìṣirò bá mú 40000 wá, kò síbi tí a máa gbé e sí. 32767 náà la máa kọ, orí ìgbì á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni amplifier. Volt tó lè fi ránṣẹ́ ní òpin. Ó dà bí ẹni tó ń gúnyán lábẹ́ àjà kúkúrú: bó ti wù kó lágbára tó, ọmọ odó ò lè kọjá àjà.

Aburú méjì ni gígé yìí ń fà. Àkọ́kọ́, ìgbì tí orí ẹ̀ tẹ́ pátápátá ń gbé agbára ìlọ́po méjì ìgbì tó rí rógódó tí gíga wọn jọ dọ́gba. Amplifier 40 wáàtì lè wá máa sún mọ́ 80. Èkejì, gígé náà ń bí ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò sí nínú orin tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ tweeter sì ni wọ́n ń lọ.

Ẹ tún wò ó: kí etí wa tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, agbára ní láti tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, ìdí bọ́tìnì tí mo yí gbẹ̀yìn yẹn ò fi ohùn tó nǹkan kún un. Ooru ló fi kún un.

Ṣé ká wá ra amplifier ńlá ni? Ó dáa, ṣùgbọ́n òun náà lè ti páálí woofer kọjá ààlà títí á fi ya.

Kí la máa ṣe?

Tí orin bá ti ń ha, ẹ dín in kù lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni gbogbo ẹ̀kọ́ òní.

Tó bá ti dákẹ́, ẹ má tíì jù ú nù. Ẹ tú tweeter kúrò lára wáyà tó so mọ́, kẹ́ ẹ fi mítà wọn ohm ẹ̀. Ti 8 ohm sábà máa ń fi nǹkan bí 6 hàn. Tí mítà ò bá fi nǹkan kan hàn, wáyà ti já nìyẹn. Tweeter nìkan ni mo rà, mo pààrọ̀ wọn fúnra mi.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi sípíkà ránṣẹ́ sílé, èyí tí amplifier wà nínú ẹ̀ tún ní ewu mìíràn. 120 volt ni iná Amẹ́ríkà, 230 ni ti Nàìjíríà. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀: tí kò bá sí 100–240V ńbẹ̀, ẹ wá transformer tó máa dín iná kù fún un.

Ìkómọ mìíràn ń bọ̀ láìpẹ́. Ẹ̀gbọ́n ṣì máa ní kí n fi kún un. Etí mi ni mo máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ó dàbọ̀ o.