Nígbà tí Iyèméjì Bá Wọ Ọkàn Ẹni tí Ń Múra sí Bátísímù

Ìwé Mímọ́ tí a ó kà: Máàkù 9, 14-29, Jòhánù 20, 24-29



A ti kọ́ nípa Ọlọ́run Baba Ẹlẹ́dàá, nípa Jésù Krístì Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, nípa Ẹ̀mí Mímọ́ àti nípa Ìjọ. Ẹ̀kọ́ ti òní kò fi òtítọ́ mìíràn kún wọn. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn ẹni tí ó ti gbọ́ àwọn òtítọ́ wọ̀nyí ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Ó fẹ́ gbàgbọ́, ṣùgbọ́n ní òru, ohùn kan ń bi í léèrè pé: «Ṣé òtítọ́ ni? Ṣé Ọlọ́run ń gbọ́ mi?» Púpọ̀ nínú àwọn tí ń múra sí Bátísímù ni ó ti gbọ́ ohùn yìí. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n rò pé bí àlùfáà bá mọ̀, a ó pa orúkọ wọn rẹ́ nínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sí gbangba.

1. Níbo ni iyèméjì ti ń wá?

Nígbà mìíràn, láti inú ilé ni ó ti ń wá. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, agbo ilé kan náà lè ní Mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti abọ̀rìṣà nínú. Àgbàlagbà kan yóò bi yín pé: «Àwọn baba wa tí kò gbọ́ orúkọ Jésù rí, ṣé iná ni gbogbo wọn wọ̀?» Ìbéèrè ńlá ni, Ìjọ kò sì sá fún un. Ní ọdún 1964, Àpérò Ńlá Kejì ti Fátíkánì kọ́ wa pé ẹni tí kò mọ Ìhìnrere, tí kì í ṣe ẹ̀bi tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó fi òótọ́ inú wá Ọlọ́run tí ó sì tẹ̀lé ohùn ẹ̀rí ọkàn rẹ̀, lè rí ìgbàlà. Nítorí náà, ẹni tí ó gba Bátísímù kò kọ àwọn baba rẹ̀ sílẹ̀. Thomas Moulero, ọmọ Kétu, ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Dahomey tí a fi joyè àlùfáà ní ọdún 1928, ni ó kọ ìtàn Kétu àti ti Ṣábẹ̀ẹ́ sílẹ̀ kí ó má ba à parun.

Nígbà mìíràn, ilé ẹ̀kọ́ tàbí fóònù ni iyèméjì gbà wọlé. Ọ̀dọ́ ń kọ́ pé ayé ti wà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ẹnìkan sì sọ fún un pé ìmọ̀ yìí ti lé Ọlọ́run lọ. Ẹ sọ fún un pé Georges Lemaître, tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi hàn ní ọdún 1927 pé àgbáyé ń gbòòrò sí i, àlùfáà Kátólíìkì ará Bẹ́ljíọ̀mù ni. Ó ń ṣe ìṣirò rẹ̀, ó sì ń rú ẹbọ Mísà.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìjìyà. A gbàdúrà fún ọmọ, ọmọ kú. Ẹ̀kọ́ kan kò lè fi gbólóhùn méjì tán ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má sì gba ẹni tí ó bá ní òun lè ṣe é. Ohun tí ìgbàgbọ́ wa sọ ni pé Jésù fúnra rẹ̀ kígbe lórí igi àgbélébùú, ó bi Baba rẹ̀ léèrè ìdí tí ó fi kọ òun sílẹ̀. Igbe yẹn, àdúrà ni. Ẹni tí ó ń sunkún sí Ọlọ́run kò tí ì fi Ọlọ́run sílẹ̀.

2. Ìbéèrè kì í ṣe kíkọ̀

Àwọn baba wa sọ pé ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé Katekísímù ti Ìjọ Kátólíìkì, tí ó jáde ní ọdún 1992, ya ohun méjì sọ́tọ̀. Iyèméjì kan wà tí ènìyàn kò yàn: ìgbàgbọ́ ṣòro fún un, àwọn ìbéèrè kan dojú kọ ọ́, òkùnkùn ìgbàgbọ́ ń já a láyà. Òmíràn wà tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe: ó mọ ohun tí Ọlọ́run fi hàn, ó sì kọ̀ láti gbà á. Èkejì ni ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ ṣọ́ra fún ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú. Bí ènìyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ ń bọ́ ọ bí ẹran ọ̀sìn, tí kò wá ìmọ́lẹ̀ sí i, ó lè fọ́ ojú ọkàn rẹ̀.

3. Bàbá kan àti Àpọ́sítélì kan

Ẹ wo bàbá inú Ìhìnrere Máàkù. Láti kékeré ni ẹ̀mí burúkú ti ń dá ọmọ rẹ̀ lóró. Ó kọ́kọ́ gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn, wọn kò sì lè ṣe nǹkan kan. Ẹ kíyè sí i: àìlera àwọn tí ń tẹ̀lé Jésù wà lára ohun tí ó mi ìgbàgbọ́ rẹ̀. Èyí ṣì ń ṣẹlẹ̀ lónìí, nígbà tí ìwà àwa onígbàgbọ́ bá di ohun ìkọ̀sẹ̀ fún ẹlòmíràn. Síbẹ̀ bàbá náà kò gbé ọmọ rẹ̀ padà sílé. Ó dúró de Jésù, ó sì jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn pé òun gbàgbọ́, ó sì tún bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ran àìgbàgbọ́ òun lọ́wọ́. Jésù kò sọ fún un pé kí ó lọ, kí ó padà wá nígbà tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá kún. Ó wo ọmọ náà sàn.

Ẹ tún wo Tòmáàsì. Kò sí láàárín àwọn arákùnrin rẹ̀ ní ọjọ́ Àjíǹde, ó sì ní òun kò ní gbàgbọ́ àfi bí òun bá fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́ Olúwa. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ó fi wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹjọ, ó wà pẹ̀lú wọn, ibẹ̀ ni Jésù sì ti bá a. Bí Tòmáàsì bá ti ń dá iyèméjì rẹ̀ rò ní ìyẹ̀wù tirẹ̀, ta ni ì bá fi ọgbẹ́ náà hàn án?

4. Ẹni Mímọ́ Tèrésà ti Ọmọdé Jésù

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn ẹni mímọ́ kò mọ òkùnkùn yìí. Tèrésà wọ ilé àwọn Kámẹ́lì ní Lisieux, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1888, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15. Ní àkókò Àjíǹde ọdún 1896, nígbà tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ti mú un, òkùnkùn bo ọkàn rẹ̀. Ó dàbí ẹni pé kò sí ọ̀run mọ́. Ìdánwò náà kò kúrò títí ó fi kú ní ọjọ́ 30 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 1897, ní ọmọ ọdún 24. Kí ni ó ṣe? Ó fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kọ Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ sínú ìwé, ó sì ń gbé e sí àyà rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ìdánwò bá dé, ó ń sọ fún Jésù pé òun gbàgbọ́. Ìmọ̀lára rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ rẹ̀ dúró. Obìnrin yìí ni Ìjọ sọ di alábòójútó àwọn míṣọ́nnárì ní ọdún 1927, tí Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì sì kéde ní Olùkọ́ Ìjọ ní ọdún 1997.

5. Ibi tí ewu wà gan-an

Ọmọ yín ń ṣàìsàn. Ẹ ti gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ sì ti gbàdúrà. Ní alẹ́, ẹbí kan wá, ó ní: «Ẹ jẹ́ kí a rúbọ díẹ̀, kí a sì so oǹdè yìí mọ́ ọn ní ìbàdí. Jésù kò ní bínú.» Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ọmọ náà, ẹ má ṣe bú u. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìbéèrè wàyí, ó ti di yíyan olúwa mìíràn. Bàbá inú Ìhìnrere gbé iyèméjì rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Jésù. Ẹni tí ó so oǹdè gbé tirẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn. Ẹni tí ó lé eku méjì, òfo ni yóò mú wálé.

Kí ó yé yín dáadáa: àgbo tí a fi ewé àti egbò igi sè láti wo ibà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́run ni ó dá ewé, òun ni ó sì fún àwọn dókítà ní ọgbọ́n. Ohun tí Ìjọ ní kí a kọ̀ ni ẹbọ, àyẹ̀wò lọ́dọ̀ aláwo àti oògùn ìṣọ́ra. Nígbà tí ẹ bá dé ojú ìdánwò yìí, ẹ fi ọ̀wọ̀ dá àgbà lóhùn, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe àwọn ará nínú ìjọ kí wọ́n wá bá yín jókòó. Ẹnìkan kò gbọdọ̀ dá ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

6. Kí ni kí á ṣe?

Èkíní, ẹ sọ ọ́ fún Ọlọ́run bí ó ti rí, láìfi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Èkejì, ẹ sọ ọ́ fún àlùfáà, fún olùkọ́ yín, tàbí fún ẹni tí yóò ṣe bàbá tàbí ìyá yín nínú Bátísímù.

Ẹ̀kẹta, ẹ má pa Mísà ọjọ́ Ìsinmi jẹ. Ẹ rántí Tòmáàsì.

Ẹ̀kẹrin, ẹ máa ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ láràárọ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ àánú kan lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó bẹ aláìsàn wò ti sún mọ́ Jésù, bí ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ gbẹ.

Ìjọ mọ̀ pé ọ̀nà náà kò rọrùn. Ìdí nìyí tí ó fi ń gbàdúrà lórí yín ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta nínú ààwẹ̀ ogójì ọjọ́, nígbà tí a bá ń ka Ìhìnrere obìnrin ará Samáríà, ti afọ́jú àti ti Lásárù. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ó fi ń fà Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ lé yín lọ́wọ́ ṣáájú Bátísímù. Kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ hun ún. Ìgbàgbọ́ gbogbo Ìjọ ni, ó sì lè gbé yín ró ní ọjọ́ tí tiyín bá rẹ̀.

Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ṣé ẹni tí iyèméjì ń dà láàmú lè gba Bátísímù?
Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, bí ó bá fẹ́ Krístì pẹ̀lú òótọ́ inú, tí ó sì ń wá ìmọ́lẹ̀. Ìgbàgbọ́ ni ohun tí ó ń tọrọ lọ́wọ́ Ìjọ.

Ìbéèrè: Iyèméjì wo ni ẹ̀ṣẹ̀?
Ìdáhùn: Èyí tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi kọ ohun tí Ọlọ́run fi hàn.

Ìbéèrè: Ní alẹ́ Àìsùn Àjíǹde, kí ni a ó bi wá kí á tó da omi sí wa lórí?
Ìdáhùn: Bóyá a kọ Èṣù Sàtánì àti iṣẹ́ rẹ̀, àti bóyá a gbàgbọ́ nínú Baba, nínú Ọmọ àti nínú Ẹ̀mí Mímọ́. Kálukú ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn.

Àdúrà

Jésù Olúwa, o mọ ohun tí ó wà nínú mi. Ìgbàgbọ́ mi kéré, ìbẹ̀rù mi pọ̀. Mi ò fẹ́ gbé e lọ síbòmíràn. Ìwọ ni mo gbé e wá bá. Mú mi dé ibi omi náà, kí o sì dì mí mú lẹ́yìn rẹ̀. Àmín.