Kí O Tó Tú Ẹ́ńjìnnì Bàbá Rẹ

Òmù-Àrán,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Oṣù Ọ̀pẹ, 2024.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ohùn tí o gbà sílẹ̀ lórí fóònù ti dé ọ̀dọ̀ mi. Mo gbọ́ bí alùpùpù Honda bàbá rẹ ṣe jí, mo sì gbọ́ ariwo tó ń bá a rìn. Inú mi dùn pé o gbé e jáde láti yàrá ẹ̀yìn, o kò gbé e fún àwọn tó ń ra àlòkù irin kiri. Ṣùgbọ́n o ní mẹkáníìkì kan ti sọ pé kí o gbé e wá kí òun tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀. Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé nìyí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Kò tíì kan títú.

Ǹ bá pè ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gùn, mo sì fẹ́ kí ìwé yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù náà, kí o máa kà á bí o ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ fà lé ọ lọ́wọ́ kò ju ìbéèrè mẹ́ta lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo, kọ́kọ́ bèèrè pé: níbo ni ariwo náà ti ń wá? Ìgbà wo ni ó ń wá? Kí ni ó ń mú un pọ̀ sí i tàbí tí ó ń mú un rọlẹ̀? Adáhunṣe tó mọṣẹ́ kì í gún oògùn kí ó tó bi aláìsàn pé níbo ló ń dùn ún. Fóònù rẹ gbé ariwo náà dé etí mi, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún mi bóyá òkè ló ti wá tàbí ìsàlẹ̀. Ìwọ tí o dúró tì í ni yóò wádìí ìyẹn.

Mọ irú ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú rẹ ná. CG125 ni bàbá rẹ rà ní 1981, nígbà tó ń ṣe olùkọ́. Ọdún 1976 ni Honda kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde. Kí wọ́n tó ṣe é, àwọn ẹnjiníà wọn rin àwọn orílẹ̀-èdè tí alùpùpù ti jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń jẹun. Wọ́n rí i pé ẹrù ń pọ̀ jù lórí rẹ̀, pé àwọn ènìyàn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, àti pé eruku ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe mú kámúṣáfútì, irin tó ń mú fáàfù ṣí, kúrò ní orí ẹ́ńjìnnì wá sí ìsàlẹ̀. Jíà ló ń yí i, ọ̀pá tín-ín-rín méjì ló sì ń ti àwọn fáàfù lókè. Ìdí nìyí tí bàbá rẹ fi lè gùn ún lórí ilẹ̀ pupa láti ilé yín ní Òró-Àgọ́ dé Òkè-Òdè, lójò lẹ́ẹ̀rùn, tí kò fi já a kulẹ̀.

Fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn dáadáa, nítorí Bajaj Boxer tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn káàkiri Ìgbómìnà lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Boxer ní ṣéènì nínú ẹ́ńjìnnì tó ń yí kámúṣáfútì lókè, òun ni wọ́n ń pè ní táímìnì ṣéènì. Bí ṣéènì náà bá gbó, á máa dún ṣàràṣàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó jẹ́ pé orí Boxer ló ti kọ́ṣẹ́, bó bá gbọ́ ariwo, táímìnì ṣéènì ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. CG tìrẹ kò ní táímìnì ṣéènì rárá. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ bá ọ pààrọ̀ rẹ̀ kò mọ ohun tó wà níwájú òun, má sì fi ẹ́ńjìnnì yẹn sí i lọ́wọ́.

Tún ro ohun tí ìdúró ọlọ́jọ́ pípẹ́ nínú yàrá ẹ̀yìn ń ṣe. Ọ́ìlì tó bo irin lára máa ń ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí irin á fi wà ní ìhòòhò. Bí ọ̀rinrin òjò bá wá dé, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ lára sìlíńdà, lára ọ̀pá fáàfù, lára bíárìn. Ríìngì á lẹ̀ mọ́ ara písítìnì. Pẹtiróòlù tó kù nínú kabúrétọ̀ á gbẹ, á di ohun tó ń lẹ̀ bí oje igi, á sì dí àwọn ihò kéékèèké. Àwọn awo inú kíláàṣì á lẹ̀ mọ́ra wọn. Èkúté á kó àgékù aṣọ sínú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, agbọ́n á sì fi amọ̀ kọ́lé sẹ́nu sàlẹ́ńsà. Púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí ló ń fa ariwo, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní kí a tú ẹ́ńjìnnì.

Nítorí náà, má ṣáná sí i mọ́ títí o ó fi ṣe nǹkan wọ̀nyí.

Tú púlọ́ọ̀gì, kí o da ọ́ìlì tó tó ṣíbí kékeré kan sínú ihò rẹ̀. Jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ó ráyè wọ ìdí ríìngì. Ní ọjọ́ kejì, kí púlọ́ọ̀gì ṣì wà níta, máa tẹ kíìkì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, léraléra. Bí o ti ń tẹ̀ ẹ́ ni pọ́ǹpù ń fa ọ́ìlì lọ sókè. Ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, kí o wò bóyá ọ̀rá ọ́ìlì ti dé ibẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ṣì gbẹ, má tíì dá púlọ́ọ̀gì padà.

Lẹ́yìn náà, da ọ́ìlì àtijọ́ sórí aṣọ funfun, kí o sì fi òòfà wọ́ inú rẹ̀. Eérú irin tó kúnná bí àtíkè kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí o bá rí ẹ̀hẹ́ irin tí ọwọ́ lè mú, gbé e pamọ́ fún mi, má sì ṣáná sí alùpùpù náà. Fọ asẹ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀, kí o sì ṣí ọwọ́ ọ̀tún ẹ́ńjìnnì, níbi tí ago tó ń yí tó ń gba ìdọ̀tí ọ́ìlì sára wà. Ẹrẹ̀ dúdú máa ń lẹ̀ mọ́ inú ago yẹn. Họ ọ́ kúrò. Nǹkan bíi lítà kan ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnnì náà ń gbà. Ọ́ìlì alùpùpù ni kí o rà, nítorí inú ọ́ìlì kan náà ni kíláàṣì rẹ̀ ń gbé, àwọn ọ́ìlì ọkọ̀ kan sì wà tó ń mú kíláàṣì yọ̀. Ọwọ́ ẹni tí o mọ̀ ni kí o ti rà á, ayédèrú ti pọ̀ lọ́jà.

Da gbogbo pẹtiróòlù àtijọ́ nù, fọ táńkì, fọ kabúrétọ̀. Má fi wáyà gún ihò rẹ̀, torí bí ihò náà bá ti gbòòrò díẹ̀, kò ní ṣe dáadáa mọ́. Afẹ́fẹ́ ni kí o fi fẹ́ ẹ. Yọ ohun tí èkúté kó àti amọ̀ agbọ́n.

Bí o bá wá fẹ́ ṣáná sí i, gbangba ni kí o gbé e sí. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín ẹ́ńjìnnì tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn. Òun ló ń pa àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé. Má ṣe é nínú yàrá láé, bó ti wù kí ó yá tó.

Kọ́kọ́ wádìí ohun tó wà lóde. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ ní síló, fọwọ́ tẹ táńkì, tẹ ìbòrí ṣéènì, fi igi tẹ sàlẹ́ńsà nítorí ó gbóná. Bí ariwo bá dákẹ́ níbi tí o tẹ̀, o ti rí i. Pa á, kí o dán gbogbo bóòtì tó de ẹ́ńjìnnì mọ́ ara alùpùpù wò. Bóòtì tó tú lè ṣe ohùn kan náà tí ẹ́ńjìnnì tó ti bàjẹ́ ń ṣe.

Bí kò bá sí níta, mú sukurudíráfà gígùn tó ní ọwọ́ igi. Fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, kí o fi ọwọ́ rẹ̀ ti egungun iwájú etí. Gbọ́ orí ẹ́ńjìnnì, gbọ́ àárín sìlíńdà, gbọ́ ìsàlẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Ibi tó ti dún jù ni kí o kọ sílẹ̀. Ṣọ́ra fún ṣéènì àti ohun gbogbo tó ń yí, má sì wọ agbádá síbẹ̀.

Bó bá jẹ́ orí ló ti ń dún ta-ta-ta-ta, tó fúyẹ́, tó ń yára bí o bá ṣe ń fún un níná, tápẹ́ẹ̀tì ni, níbi tí apá fáàfù ti ń kan fáàfù. Kiránkì, irin tí písítìnì ń yí nísàlẹ̀, máa ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí fáàfù kọ̀ọ̀kan tó ṣí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà ohùn tápẹ́ẹ̀tì kì í yára tó ohùn tó bá wá láti ìsàlẹ̀. Òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, ni kí o tún un ṣe. Yí ẹ́ńjìnnì títí àmì T yóò fi bọ́ sí ojú àmì rẹ̀, tí apá fáàfù méjèèjì sì ń mì lọ́wọ́ rẹ. Mìlímítà 0.08 ni àlàfo tó yẹ kó wà níbẹ̀, fún fáàfù méjèèjì. Ra irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, má fi ojú díwọ̀n. Má sì tìtorí pé o fẹ́ kó dákẹ́ pátá kí o fún un jù. Tápẹ́ẹ̀tì tó ń dún díẹ̀ sàn ju èyí tó fún lọ, nítorí fáàfù tí kò lè padé dáadáa máa ń jóná.

Bó bá ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ láàárín sìlíńdà ní àárọ̀, tó sì ń rọlẹ̀ bó ti ń gbóná, písítìnì ló ń jó nínú àyè tó ti fẹ̀. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò tíì kú. Bí kò bá rú èéfín búlúù, o ṣì lè máa gùn ún jẹ́jẹ́.

Bí ohùn kan bá ń ta pú-pú-pú níbi tí páìpù èéfín ti wọ ẹ́ńjìnnì, wò ó bóyá dúdú ti bo ibẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó. Owó kékeré ni.

Bí ohùn bá ń hó ní ìsàlẹ̀ lọ́tùn-ún nígbà tó wà ní fíríì, fa kíláàṣì. Bó bá dákẹ́ bí o ti fà á, ọ̀ràn kíláàṣì tàbí bíárìn jíà ni, ọwọ́ písítìnì mọ́.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí o ń gun òkè, tí o fún un níná gan-an, ni ó ń dún ṣín-ṣín-ṣín, iná púlọ́ọ̀gì ń yá jù, tàbí epo kò dé tó nítorí kabúrétọ̀ tó dí. Tún ìyẹn ṣe kíá, nítorí ó ń jẹ orí písítìnì.

Méjì kù, àwọn ni mo bẹ̀rù. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ló ti ń dún gbì-gbì-gbì, tó wúwo, tó ń le sí i bó ti ń gbóná àti bí ẹrù ti ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kọ́nírọ́ọ̀dù ni, irin tó so písítìnì mọ́ kiránkì. Bó bá ń ké hùn-ùn-ùn tí ìtẹ́sẹ̀ sì ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, bíárìn kiránkì ni ìpẹtà ti jẹ. Bí o bá gbọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì, pa á lójú ẹsẹ̀. Má ní o fẹ́ gbé e dé ilé. Ìyẹn nìkan ló kan títú, kì í sì í ṣe iṣẹ́ abẹ́ igi: ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tí a fi ń ti kiránkì pa pọ̀ ni a ó gbé e lọ ní Ìlọrin, èmi ni yóò sì bá ọ lọ.

Ohun tí mo gbọ́ nínú fóònù fúyẹ́, kò wúwo. Èrò mi ni pé tápẹ́ẹ̀tì ni, bóyá pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì sàlẹ́ńsà. Ṣùgbọ́n èrò kọ́ ni a fi ń tú ẹ́ńjìnnì.

Bí nọ́ọ̀tì kan bá kọ̀ tí kò tú, má fi agbára ṣẹ́ ẹ. Rọ ọ́ìlì sí i, kí ó sùn mọ́jú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun yòówù tí o bá yọ, kó o sínú ọ̀rá, kí o kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Àwọn ará Ṣáínà ti ṣe irú CG125 yìí lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ̀yà rẹ̀ ò wọ́n lọ́jà, owó rẹ̀ ò sì ga. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ṣe ń yára ju ti àtijọ́ nù. Irin tó ti Japan wá, tó sì fi gbogbo ọdún wọ̀nyí sin bàbá rẹ, kò yẹ kí a fi pààrọ̀ èyí tó lè máà lo ọdún kan, àyàfi tó bá ti bàjẹ́ lóòótọ́. Bí mẹkáníìkì bá sì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, jókòó tì í. Bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní bínú.

Ọmọ mi, àwọn ọmọ tí alùpùpù yẹn gbé olùkọ́ lọ bá ti di bàbá àti ìyá lónìí. Kì í ṣe ohun tí a ń fi aṣọ bò sí kọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí o gùn ún, kí o máa gùn ún pẹ́, ìdí nìyí tí mo fi ní kí o fara balẹ̀ lára rẹ̀ nísinsìnyí.

Ṣe ohun tí mo sọ láti orí ọ́ìlì dé orí sukurudíráfà, kí o sì kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí mi: níbo, nígbà wo, kí ló ń yí i padà. Bí mo bá ti rí i, màá sọ ohun tí a ó rà, màá sì wá fúnra mi lọ́jọ́ Sátidé tó bá tẹ̀lé e. Bá mi kí ìyá rẹ gidigidi. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lójú pópó.

Èmi ni,
Bàbá Òmù-Àrán.