Kí Táyà Tó Kan Ilẹ̀: Ṣe àti Má Ṣe fún Awakọ̀ Bàlúù Tuntun

Ọjọ́ tí ìwé àṣẹ bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni àga ọ̀tún ṣófo. Olùkọ́ tó máa ń pariwo pé "Wo eré ẹ!" kò sí níbẹ̀ mọ́, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọwọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Cessna 172S tí ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ṣẹ́ ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí tìrẹ bá yàtọ̀, ìwé bàlúù tìrẹ ni kí o tẹ̀ lé.

Ṣe: Mọ eré tí o fẹ́ fi wọlé kí o tó dojú kọ rọ́nwè. Bí fíláàpù bá ti wálẹ̀ tán, láàárín nọ́ọ̀tì 60 sí 70 ni. 65 ni èmi máa ń mú. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ 10 tó ń já lọ sí 20, fi ìdajì ìyàtọ̀ náà kún un, ìyẹn 5.

Má ṣe: Má fi eré kún eré nítorí ẹ̀rù. Bí o bá fi 75 wọlé dípò 65, agbára tí bàlúù gbé wálẹ̀ ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i, orí rọ́nwè ni yóò sì ti ná an. Mo ti ṣe é rí. Ọ̀sán kan ni, ní Texas, àbúrò mi jókòó lápá ọ̀tún, mo sì fẹ́ kí ó rí i pé mo mọ̀ ọ́n wà. Mo fi 78 wọlé. Bàlúù kọ̀, kò balẹ̀, ó kàn ń léfòó. Ìlà funfun ń sá lọ lábẹ́ wa, àwọn igi tó wà ní ìpẹ̀kun ń ga sí i, ọwọ́ mi sì ti fẹ́ máa ti imú rẹ̀ sílẹ̀ tipátipá. Bí táyà iwájú ṣe máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀ nìyẹn, tí bàlúù á máa ta bíi bọ́ọ̀lù títí ẹsẹ̀ iwájú á fi kán. Mo fún un níná, a gbéra padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o?"

"Kò sí. A máa tún un ṣe ni."

Lẹ́ẹ̀kejì, mo mú 65. Rọ́nwè ò tíì tó ìdá kan nínú mẹ́ta tí táyà fi kan ilẹ̀.

Ṣe: Fa ìlà sí 500 ẹsẹ̀ bàtà. Níbẹ̀, kí eré pé, kí imú dojú kọ ìlà àárín, kí fíláàpù ti wà níbi tí o fẹ́ ẹ, kí o sì máa sọ̀ kalẹ̀ ní déédéé. Eré rẹ lórí ilẹ̀ lọ́nà 5 ni ìwọ̀n ìsọ̀kalẹ̀ náà: 65 á fún ọ ní 325 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan. Bí iná PAPI bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́nwè, funfun méjì pupa méjì ló dára. Pupa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, o ti lọ sílẹ̀ jù. Bí ẹyọ kan nínú gbogbo ìwọ̀nyí bá yẹ̀, gbéra padà.

Má ṣe: Èyí ló ń pa èèyàn. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé ọ kọjá ìlà àárín níbi yíyà tó kẹ́yìn, má fi ẹsẹ̀ tẹ rọ́dà láti fi fa imú padà, má sì tẹ ìyẹ́ kọjá 30 dígírì. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ dé 60 tí o ṣì ń fa imú sókè kó má bàa sọ̀, eré tí ìyẹ́ ti ń jáwọ́ nínú gbígbé ọ ti fi ìdá 41 nínú 100 ga sí i. Bí rọ́dà bá tún dá sí i, bàlúù á dojú dé, á máa yí bíi òkòtó, kò sì sí àyè tí o fi máa gbà á padà ní ibi tó rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Má ṣe: Má dá ẹnikẹ́ni lóhùn ọ̀rọ̀ ilé nígbà tí o bá ń bọ̀ wálẹ̀. Sọ fún èrò rẹ kí ẹ tó gbéra.

Ṣe: Máa fi gbígbéra padà dánra wò nígbà tí nǹkan kan ò ṣe. Gbogbo iná ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà, imú sókè, fíláàpù dé 20. Ìgbà tí o bá ti ń gòkè dáadáa ni kí o máa ká ìyókù díẹ̀díẹ̀. Bí o bá ká gbogbo rẹ̀ pọ̀, bàlúù á rì.

Ṣe: Bí o bá ti kúrò lórí rọ́nwè, tí o ti pa ẹ́ńjìnnì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ: eré tí o fi wọlé, àti ibi tí táyà ti kan ilẹ̀.